Ìràwọ̀ òkun wẹ́wẹ́ tó bá òkúta wọ táǹkì: ṣé àwọn ló ń ba iyùn jẹ́?

Olùkàwé kan kọ̀wé báyìí: "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àkúrẹ́ ni mò ń gbé. Mo ní táǹkì omi iyọ̀ kan nílé, ó gba nǹkan bí lítà 200, iyùn ààyè (ẹranko òkun tí wọ́n ń pè ní coral) àti ẹja mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Òkúta tí mo rà l'Ékòó ni àwọn ìràwọ̀ òkun kéékèèké kan bá wọlé. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ni mo kọ́kọ́ rí, ṣùgbọ́n ní báyìí, bí mo bá tan tọ́ọ̀ṣì lóru, gbogbo ara gíláàsì ni wọ́n wà. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni zoanthid mi kan, irú iyùn rírọ̀ kan tó máa ń ṣí bí òdòdó, ti pa ẹnu dé tí kò ṣí mọ́, mo sì ti bá méjì nínú wọn lórí rẹ̀. Omi táǹkì máa ń lọ sílẹ̀ kíákíá lásìkò yìí, láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti ń po omi oníyọ̀ kún un lójoojúmọ́. Ọ̀rẹ́ mi tó ń sin ẹja àrọ̀ ní kí n da oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò odò ẹja sí i. Ẹlòmíràn ní kí n máa gé wọn sí méjì kí wọ́n lè kú. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá sì kó wọn jáde, ṣé mo lè dà wọ́n sí òkun ní Ìlàjẹ, nítorí mo máa ń lọ síbẹ̀?"

Ohun tó ń dà yín láàmú yé mi dáadáa. Ẹni tó bá ti gbé iyùn ààyè sínú ọ̀rá omi láti Èkó dé Àkúrẹ́, tó ń gbàdúrà pé kí mọ́tò má dúró lójú ọ̀nà kí afẹ́fẹ́ inú ọ̀rá tó tán, kò ní fọwọ́ lẹ́rán kí ó máa wo ohun tí kò rà tó ń gun orí ohun tó fi owó rà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì ni ẹ so pọ̀ nínú ìwé yín tí mo fẹ́ kí a tú kúrò lára ara wọn: àwọn ìràwọ̀ òkun tó ń pọ̀ sí i, àti zoanthid tó pa ẹnu dé. Ẹ gbà pé èkíní ló fa èkejì. Ní tèmi, gbólóhùn kan tí ẹ sọ kọjá lọ, pé omi oníyọ̀ ni ẹ ń po kún táǹkì, ló bà mí lẹ́rù ju gbogbo ìràwọ̀ òkun tó wà lára gíláàsì yín lọ. Màá dé orí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí a ń bá ṣẹjọ́. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ jù nínú àwọn ìràwọ̀ òkun tó máa ń bá òkúta wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rà wọ́n. Oríṣi kan ní apá tó gùn tó sì tín-ín-rín. Inú ihò òkúta ló máa ń sá pamọ́ sí, apá rẹ̀ nìkan ni ẹ óò máa rí tó ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún nígbà tí ẹ bá ń fún ẹja lóúnjẹ. Ọ̀kan nínú èyí tó kéré jù ni Amphipholis squamata, tó wà káàkiri òkun ayé, tó sì máa ń tọ́jú ọmọ rẹ̀ sínú ara títí wọn yóò fi tó rìn jáde. Pàǹtírí àti àjẹkù ni wọ́n ń jẹ, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa bá yín gbálẹ̀. Alápá gígùn kan ṣoṣo tí mo lè kìlọ̀ nípa rẹ̀ ni Ophiarachna incrassata, ńlá kan tó ní àwọ̀ ewé, tó máa ń ká ẹja mọ́ tó ń sùn lóru kí ó sì jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ríra ni àwọn ènìyàn sábà ń ra ìyẹn fúnra wọn. Oríṣi kejì ni èyí tí ẹ ní, tó pẹlẹbẹ, tó ń rìn ní gbangba lórí gíláàsì. Kì í sábà fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀ lọ, ó lè funfun, ó lè ní àwọ̀ eérú tàbí kí ó dà bíi pé wọ́n ta ewé sí i lára. Asterina ni àwọn tó ń sin ohun inú òkun ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 2004 ni àwọn onímọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀pọ̀ nínú wọn sábẹ́ orúkọ mìíràn, Aquilonastra. Ẹ wo apá rẹ̀ dáadáa, kì í dọ́gba. Ẹ lè rí mẹ́ta tó gùn, kí ẹ rí méjì tàbí mẹ́ta mìíràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Kò ṣàìsàn, ẹja kan kò sì bù ú jẹ. Bó ṣe ń bí sí i nìyẹn: á fa ara rẹ̀ ya láti àárín, ìdajì kọ̀ọ̀kan á sì hu apá tó kù. Ìdí nìyí tí mẹ́ta fi lè di ọ̀pọ̀ láìsí pé akọ kan pàdé abo kan.

Ní alẹ́ yìí, ẹ pa iná táǹkì, kí ẹ dúró fún bíi wákàtí kan, kí ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì sí èyí tó bá lẹ̀ mọ́ gíláàsì, kí ẹ sì wo abẹ́ rẹ̀ láti ìta. Ẹ óò rí àwọn ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ tó tò lọ lábẹ́ apá kọ̀ọ̀kan, tó jẹ́ pé omi inú ara rẹ̀ ló ń tì wọ́n jáde tó sì ń fà wọ́n wọlé. Ẹnu rẹ̀ wà láàárín gbùngbùn. Bí ẹ bá ní sùúrù, ẹ óò rí awọ kan tó fẹ́lẹ́, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àwọ̀, tí yóò rọra yọ láti ẹnu náà, tí yóò sì tẹ́ ara rẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ikùn rẹ̀ nìyẹn. Ìta ara ló ti ń da oúnjẹ. Nígbà tí ó bá kúrò lójú ibẹ̀, ojú gíláàsì róbótó kan yóò mọ́ níbi tí ewé-omi (algae) wà tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ fi ojú ara yín rí i, nítorí pé ẹni tó bá ti rí i yóò mọ̀ pé ewé-omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti àwọn ohun àìlèfojúrí tó ń bo gíláàsì àti òkúta ni oúnjẹ rẹ̀ gan-an, yóò sì mọ̀ pé gígun tí ó gun orí iyùn kò tíì tó ẹ̀rí. Ẹ̀rí ni kí ikùn rẹ̀ jáde lórí ẹran ara iyùn, kí ẹran ara náà sì ti yọ́ nígbà tí ẹ bá ṣí i kúrò.

N kò ní tan yín pé kò sí èyí tó ń jẹ iyùn rárá. Àwọn tó ń sin iyùn ti ká àwọn kan mọ́ ibi tí wọ́n ti ń jẹ zoanthid, wọ́n sì ti rí àwọn mìíràn tó ń ha èèpo líle aláwọ̀ pọ́pù tó máa ń bo òkúta jẹ. Ọ̀pọ̀ oríṣi ló jọra wọn tímọ́tímọ́ lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo yẹn, kò sì sí bí mo ṣe lè jókòó síbí kí n búra lórí èyí tó wà nílé yín. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù lọ kò ṣe iyùn ní nǹkan kan, èyí sì ni mo fi ń wá ohun mìíràn kí n tó dá wọn lẹ́bi.

Ohun mìíràn náà ni iyọ̀. Omi ló ń gbẹ nínú táǹkì, iyọ̀ kì í gbẹ. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ Àkúrẹ́ a gbẹ hán-ún, pàápàá bí fáànù bá tún ń fẹ́ sí orí omi, táǹkì yóò sì máa lọ sílẹ̀ lójúmọ́. Ṣùgbọ́n iyọ̀ tó wà nínú omi tó gbẹ náà ṣì wà níbẹ̀ digbí. Nítorí náà, omi tí kò ní iyọ̀ la fi ń kún un. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tiyín. Omi òkun tí iyùn mọ̀ ní nǹkan bí gíráàmù 35 iyọ̀ nínú lítà kan. Ká ní lítà 2 ló ń gbẹ lójúmọ́, tí ẹ sì ń fi lítà 2 omi oníyọ̀ dípò rẹ̀, gíráàmù 70 ni ẹ ń fi lé èyí tó wà nílẹ̀ lójoojúmọ́. Ní ọ̀sẹ̀ méjì, ó di gíráàmù 980, ó kù díẹ̀ kí ó pé kìlógíráàmù kan. Bí ẹ bá pín in sínú lítà 200, nǹkan bí gíráàmù 5 ló ti bọ́ sórí lítà kọ̀ọ̀kan: 35 ti di 40. Òkúta àti iyanrìn sì ti gba àyè nínú táǹkì, omi gidi tó wà níbẹ̀ kò tó 200, tó túmọ̀ sí pé iyọ̀ náà lè ga ju bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ lọ. Zoanthid lágbára, ó lè fara da ọ̀pọ̀ nǹkan tí iyùn mìíràn kò lè fara dà, ṣùgbọ́n ohun tó máa ń ṣe nígbà tí omi bá bí i nínú ni pé ó máa ń pa ẹnu dé. Bí ó bá sì wà ní pípadé fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ara rẹ̀ àti ìdọ̀tí yóò kó jọ sí i lórí, ewé-omi yóò hù sí i, oúnjẹ ìràwọ̀ òkun yóò sì pé síbẹ̀. Eṣinṣin kọ́ ló dá egbò síni lára, egbò ló pe eṣinṣin. Mo gbà pé ohun tí ẹ rí lórí zoanthid yín nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ wọn iyọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ìràwọ̀ òkun kankan. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ tí a ń fi ojú wò sí ìmọ́lẹ̀ (refractometer) ni ẹ ń lò, ẹ rí i pé omi àyẹ̀wò tó jẹ́ 35 gan-an ni ẹ fi tún un ṣe, nítorí pé èyí tí wọ́n fi omi lásán nìkan tún ṣe lè pa irọ́ nígbà tó bá dé ibi tí a nílò rẹ̀. Bí ẹ bá bá a ní 40 tàbí níbi tó sún mọ́ ọn, ẹ má ṣe sáré. Ẹ bu lítà 5 kúrò, kí ẹ fi lítà 5 omi tí kò ní iyọ̀ dípò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín wákàtí bíi mélòó kan. Ìyẹn yóò mú un wá sí nǹkan bí 39. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n, títí yóò fi padà sí 35. Ìràwọ̀ òkun kò lágbára láti yí iyọ̀ inú ara rẹ̀ padà, bí omi ìta bá ṣe rí ni omi inú ara rẹ̀ ń rí, nítorí náà bí ẹ bá já a lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ lè pa gbogbo wọn sínú ihò òkúta lóru ọjọ́ kan. Ọ̀tá yín tó kú lè dùn mọ́ yín nínú, ṣùgbọ́n bí òkú tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń jẹrà pọ̀, amóníà, májèlé tó ń ti ara òkú jáde, yóò pa ẹja àti iyùn tẹ̀ lé wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bébà tàbí téèpù sàmì sí ara gíláàsì níbi tí omi yẹ kí ó máa dé, kí ẹ sì máa kún un dé ibẹ̀ láràárọ̀. Omi tí ẹ̀rọ RO, èyí tó ń sẹ́ iyọ̀ àti èròjà kúrò nínú omi, ti sẹ́ ló dára jù. Omi kànga dẹ̀rọ wa ní Àkúrẹ́ máa ń kó ohun inú àpáta tó ti ń sun jáde pọ̀ mọ́ra, díẹ̀díẹ̀ ni àwọn nǹkan wọ̀nyẹn á sì máa dì sínú táǹkì. Omi inú ọ̀rá tí à ń mu kò dọ́gba láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ fi mítà TDS, tó ń ka iye ohun tó yọ́ sínú omi, wọ̀n ọ́n, èyí tó bá sún mọ́ òdo jù ni kí ẹ mú.

Ní ti bí wọ́n ṣe pọ̀ tó, oúnjẹ ló ń pọ̀ tí wọ́n fi ń pọ̀. Ẹranko tó ń pín ara rẹ̀ sí méjì kò ní pín ara bí kò bá yó. Ẹja mẹ́rin nínú lítà 200 kò pọ̀, nítorí náà èmi yóò kọ́kọ́ wo ọwọ́ tó ń fún wọn lóúnjẹ: ohun tí wọ́n lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì ni kí ẹ fún wọn, bí ó bá sì jẹ́ oúnjẹ dídì, ẹ kọ́kọ́ ṣàn án nínú asẹ́ kí omi inú rẹ̀ tó kún fún fọ́síféètì, tó ń bọ́ ewé-omi, lè lọ. Ẹ tún wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí iná bá lọ. Bí páǹpù bá dúró fún wákàtí mélòó kan, gbogbo ìdọ̀tí tó ń fò nínú omi yóò balẹ̀ sórí òkúta, wọn yóò sì rí ilé àsè níbẹ̀. Ínfátà kékeré tàbí páǹpù afẹ́fẹ́ tó ń lo bátìrì yóò ṣe iyùn yín ní àǹfààní ju jẹnẹrétọ̀ tí a ń tàn lẹ́yìn tí ooru ti mú omi lọ. Bí ewé-omi bá dín kù, àwọn náà yóò dín kù. Mo ti rí táǹkì tí wọ́n bo gíláàsì rẹ̀ pátá, tí ẹni tó ni ín kò sì ṣe ju pé ó mú ọwọ́ oúnjẹ lọ sílẹ̀ lọ, tó sì di pé èèyàn ń wá wọn kí ó tó rí wọn.

Ẹ bá mi kí ọ̀rẹ́ yín ẹlẹ́ja àrọ̀, kí ẹ sì má ṣe gba oògùn rẹ̀. Ìmọ̀ ẹja àrọ̀ jinlẹ̀ nílùú wa, wọ́n tilẹ̀ ń kọ́ ọ ní yunifásítì FUTA, ṣùgbọ́n omi dídùn ni ti àrọ̀, ẹja tó ní eegun ẹ̀yìn sì ni. Ìràwọ̀ òkun kò ní eegun ẹ̀yìn, iyùn kò ní, edé kò ní, akàn àti ìgbín òkun kò ní. Oògùn tó bá ní bàbà nínú tàbí tó ń pa kòkòrò kò mọ èyí tí ẹ fẹ́ràn yàtọ̀ sí èyí tí ẹ kò fẹ́ràn nínú wọn, gbogbo wọn ni yóò kó lọ. Bàbà burú ju ìyókù lọ, nítorí pé òkúta àti iyanrìn máa ń fà á mọ́ra, wọ́n á sì máa tú u sílẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀ tó fi jẹ́ pé edé tí ẹ bá rà lẹ́yìn náà lè kú nínú omi tó mọ́ gaara lójú. Gígé wọn sí méjì pẹ̀lú kò dára. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún ara wọn ni ẹ ń bá wọn ṣe yẹn. Ìdajì tó bá ṣì ní díẹ̀ nínú àárín ara rẹ̀ lè hu ìyókù, èyí tí kò bá hù yóò sì jẹrà síbẹ̀.

Ọwọ́ ni kí ẹ fi máa ṣà wọ́n. Ẹ mú ẹ̀mú kékeré tó gùn, lóru lẹ́yìn tí iná táǹkì bá ti kú, nígbà tí wọ́n bá ti jáde sí gíláàsì. Ẹ má ṣe fà á lójijì, nítorí pé á di gíláàsì mú, apá rẹ̀ yóò sì já sọ́wọ́ yín. Ẹ ti ẹ̀gbẹ́ kan gbé e títí yóò fi tú. Èyí tó bá wà lórí iyùn ni kí ẹ kọ́kọ́ kó. Iṣẹ́ yìí kò ní parí lọ́jọ́ kan, kò sì ní tán wọn pátápátá, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń ṣà wọ́n tí oúnjẹ wọn náà sì ń dín kù, kò ní pẹ́ kí ẹ rí ìyàtọ̀.

Ẹnì kan lè sọ fún yín nípa edé Harlequin, Hymenocera picta, tó wá láti Òkun Íńdíà àti Òkun Pàsífíìkì, tó jẹ́ pé ìràwọ̀ òkun nìkan ló ń jẹ. Òótọ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́. Á dojú wọn dé, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wọ́n láti ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín pé kí ni yóò jẹ nígbà tí ó bá jẹ wọ́n tán. Kì í jẹ oúnjẹ ẹja. Àfi kí ẹ máa ra ìràwọ̀ òkun mìíràn fún un, kí ẹ máa gé apá rẹ̀ fún un lóòrèkóòrè, ní ìlú tó jẹ́ pé Èkó la ti ń fi mọ́tò gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wá. Bí ẹ kò bá ní ọ̀rẹ́ kan tó ní táǹkì tó kún fún wọn tí ẹ lè gbé edé náà fún lẹ́yìn iṣẹ́, n kò gbà yín níyànjú láti rà á. Kò tọ́ kí a ra ẹ̀dá wá sílé kí ebi lè pa á kú.

Bí iyọ̀ bá ti padà sí 35 fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, tí zoanthid yín kò sì ṣí, nígbà náà ni èmi pẹ̀lú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ìràwọ̀ òkun. Ẹ máa ya àwòrán ibì kan náà lórí iyùn náà lálaalẹ́ àti láràárọ̀. Bí ẹ bá bá wọn lórí èyí tó ti ṣí, tí ara rẹ̀ le, tí kò sì ní ewé-omi lórí, tí ojú ibẹ̀ sì ti di ọgbẹ́ ní àárọ̀, ẹjọ́ ti dá wọn lẹ́bi. Ẹ gbé iyùn náà lọ sórí òkúta tó dá dúró lórí iyanrìn níbi tí ojú yín ti lè tó o, kí ẹ sì máa ṣà wọ́n lálaalẹ́ láìsinmi. Ní ti òkúta tuntun, ẹ má ṣe gbé e wọ táǹkì tààrà mọ́. Ẹ fi í sínú ike ńlá tó ní omi oníyọ̀, páǹpù àti iná díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, kí ẹ máa fi tọ́ọ̀ṣì wò ó lóru. Òkúta gbígbẹ kò ní bá àlejò kankan wọlé, àmọ́ yóò pẹ́ kí àwọn kòkòrò àìlèfojúrí tó ń fọ omi tó gbilẹ̀ nínú rẹ̀. Òkúta ààyè, ìyẹn èyí tí ẹ̀dá òkun ti wà lára rẹ̀, ni èmi ṣì fẹ́ràn jù, pẹ̀lú gbogbo ìyọnu rẹ̀.

Èyí tí ẹ bá ṣà, ẹ má ṣe gbé e lọ sí Ìlàjẹ. Ẹrẹ̀ ló pọ̀ ní etíkun wa láti Ayétòrò lọ, kò sí òkìtì iyùn níbẹ̀, àwọn ẹ̀dá tó sì wà níbẹ̀ kò bá irú èyí pàdé rí. Ẹranko tó jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ tó láti bẹ̀rẹ̀ ìran tuntun kò yẹ kí a dán an wò lórí omi tí àwọn apẹja ń jẹ. Ẹ dì wọ́n sínú ọ̀rá, kí ẹ fi wọ́n sínú firísà di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá dà wọ́n nù pẹ̀lú pàǹtírí ilé. Omi tí ẹ bá bù kúrò nínú táǹkì náà, inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kí ẹ dà á sí, kì í ṣe ojú àgbàrá tó ń lọ sí odò Àlà.